Àmì Méjì Lórí Ìgbín: Ìgbésí Ayé Olóògbé Kichiroku, Agbẹ́gi-Ìwé Kanda

A bí Bàbá wa, olóògbé Kichiroku, ní ọdún kẹrin sànmánì Hōreki, ní àdúgbò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Kanda, nílùú Edo. Jinbei tí ń fi pákó ṣe korobá ni bàbá tó bí wọn. Oshika, ọmọ apẹja Fukagawa, ni ìyá wọn. Ìdílé tí kì í jẹ́ kí omi jò ni wọ́n ti wá. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló jò láti ọwọ́ Bàbá, òun ni àwa ọmọ wọn yóò kà síwájú yín lónìí, nítorí wọn kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn ní ogún ọjọ́ tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé.

Ní ọmọ ọdún méje, wọ́n wọ ilé ìwé tẹ́ḿpìlì. Wọ́n mọ̀wé. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé àmì tíńtín méjì ló ń sọ "haka" di "baka", tó ń sọ ibojì di òmùgọ̀. Akọ̀wé kì í sábà fi àmì náà síbẹ̀. Òye òǹkàwé ni yóò fi í sí i. Òye Bàbá sì pọ̀ jù.

Ní ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n wọṣẹ́ ìgbẹ́gi-ìwé. Bí Bàbá bá gbẹ́ irun orí obìnrin sára igi ṣẹ́rì, òòyà ni yóò wu èèyàn fi sí i. Ní ọdún keje An'ei, wọ́n gbé Ìyá wa, Omine, níyàwó. Ìyá ní tìtorí pé wọn kì í sọ̀rọ̀ lòun ṣe fẹ́ wọn. Ó jẹ oyin ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún ọdún méjìlá, kí ọ̀rọ̀ ìgbín tó dé.

Ní ọdún kejì Kansei, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé Hinokiya gbé ìwé kòkòrò fún wọn: kòkòrò àti koríko ní ìsàlẹ̀, ewì apanilẹ́rìn-ín lókè. Ojú ewé ìgbín jẹ́ ti Sahei tó ń ta wàrà ẹ̀wà tí à ń pè ní tófù ní ìkóríta wa, ẹni tí orúkọ tó fi ń kéwì ń jẹ́ Forísọ-Tófù. Ogún ọdún ni Sahei fi dápàárá, ológbò rẹ̀ pàápàá kò rẹ́rìn-ín rí. Lọ́dún náà, Onui ìyàwó rẹ̀ kú. Ohun tó kọ nìyí:

Ìgbín, máa lọ;
ilé rẹ wà lẹ́yìn rẹ.
Bí mo bá délé,
ta ni yóò ṣílẹ̀kùn?
Ibojì ìyàwó mi.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa: a máa ń dojú ìwé akéwì bolẹ̀ sára igi, a sì máa ń gbẹ́ ìwé àti igi pọ̀. Bí a bá gbẹ́ tán, ìwé ti lọ, kò sí ohun tí a ó wò mọ́. Bàbá rí "haka" nínú ìwé àwàdà. Wọ́n pòṣé, wọ́n fi orúkọ Otaki ọmọ wọn ké sí Ìyá wa: "Ìyá Otaki, ẹ wá wo ọ̀lẹ yìí, ó gbàgbé àmì!" Wọ́n dá ẹ̀rún igi méjì sí lórí rẹ̀, kí ó lè tẹ̀ jáde bí àmì. Ibojì di òmùgọ̀: "Òmùgọ̀ ìyàwó mi."

Lọ́jọ́ tí àwọn akéwì péjọ láti ka ìwé náà, ẹ̀rín pa wọ́n. Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn ń yí lórí ẹní. Wọ́n gbé Sahei sí àga iyì. Òun náà rẹ́rìn-ín. Inú Bàbá dùn lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé àwọn ló bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá lọ ra tófù.

"Kichi," Sahei wí, "láti ogún ọdún, ta lo rí tó rẹ́rìn-ín sí mi?"

"Kò sí, ọ̀rẹ́ mi."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo wá sunkún, ìwọ lo bá mi pa wọ́n lẹ́rìn-ín." Ó gé tófù sínú igbá Bàbá. "Bá mi yọ àmì náà kí n tó kú. Onui kì í ṣe òmùgọ̀."

Bàbá sáré lọ bá Hinokiya. "Ọ̀bẹ kò ní kàn án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀gá."

"Bàbá Otaki, ṣé orí yín pé? Ojú ewé yẹn ló ń ta ìwé! Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, èékánná lẹ ó máa fi gbẹ́gi kiri Edo."

Fún ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo ọdún tuntun ni wọ́n ń lọ bẹ̀ ẹ́. Ní ọdún kọkànlá Kansei, Sahei kú, a sì sin ín ti Onui ní tẹ́ḿpìlì kan ní Yanaka. Ìsìn Bàbá láti ọjọ́ náà kò ju ìgbálẹ̀ lọ: oṣooṣù ni wọ́n ń gbá ibojì tọkọtaya náà. Wọn kì í gbàdúrà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lẹ́nu rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún kẹta Bunka, iná tó bẹ̀rẹ̀ ní Shiba jó dé ọ̀dọ̀ wa. Àká tí Hinokiya ń kó àwọn igi ìwé sí jóná. Bàbá bẹ́ sínú eérú, wọ́n ń jó. "Ó ti jóná! Ó ti jóná!"

"Bàbá Otaki," Ìyá wí, "ilé wa lẹ ń jó lé lórí yẹn o."

Wọn ò tíì jó tán tí Hinokiya fi dé, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó di nǹkan mọ́ àyà. "Ẹ bá mi yọ̀! Gbogbo rẹ̀ ló jóná, àfi ìgbín yín tí mo gbé sá. Ẹ bá mi tún etí rẹ̀ ṣe."

Báyìí ni igi náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ Bàbá lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti jẹ ojú wọn. Otaki ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn yọ ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá a títí wọ́n fi kan ẹ̀rún méjì. Wọ́n gé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí ìwé jáde, àmì méjì wà níbẹ̀ pérépéré. Ìwo méjì orí ìgbín ni kò sí mọ́. Edo tún rẹ́rìn-ín: "Òmùgọ̀ ìyàwó, afọ́jú ìgbín!"

Ní oṣù kọkànlá, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. "Otaki, ṣé ó ti kúrò?" "Ó ti kúrò, Bàbá." Ogún ọjọ́ ni wọ́n fi bi í, ogún ọjọ́ ló fi purọ́. Wọ́n dákẹ́ ní ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta.

Wọ́n fi Omine aya wọn sáyé lọ, àti Otaki ọmọ wọn, Bunshichi ọkọ Otaki tó jẹ́ atẹ̀wé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Èyí tó kéré jù mọ ìgbín yà. Kì í fi ìwo sí i.

Ìwé náà wà nílé púpọ̀ nínú yín. A mọ̀ pé a kò lè rí gbogbo rẹ̀. Òmíràn ti dé Ōsaka, òmíràn wà lọ́wọ́ ẹni tí ń fi í rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tùràrí. Ẹ mú tiyín wá, kí ẹ ha àmì méjì náà kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ha á: ti òkè ni, kì í ṣe ti ìgbín.

Bàbá wa, ẹ sùn re. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn Sahei àti Onui, kí wọ́n ṣí i fún yín, kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ́rìn-ín.