Òróró Àdúrà Inú Ẹ́ńjìnnì

Bàbá mi àtàtà,

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí yín, n'Ìkòròdú, torí ọkàn mi ò sí nídìí iṣẹ́ mọ́.

A ra ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹ lọ. Tuntun ni, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kì í ṣe tòkunbọ̀ bíi tiyín tó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra. Wọ́n fún wa ní wáráńtì: bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ kó tó pé ọdún márùn-ún, àwọn ni yóò tún un ṣe. Bàbá Tómi ni mò ń pe ọkọ mi báyìí, a ti bímọ méjì. Ńṣe ló ń fi ọkọ̀ náà yan kiri àdúgbò.

Màmá gbàdúrà sí ọkọ̀ náà bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ̀yin máa ń kán òróró sí. Màmá ní kí wọ́n ṣí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, ó sì kán an síbẹ̀, kí ìbùkún lè wọnú. A rẹ́rìn-ín títí.

Kò pẹ́ ni ẹ́ńjìnnì kú lórí eré lọ́nà Ìtọ́ìkín, tírélà wà lẹ́yìn wa. Nígbà tí a gbé e dé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, Bàbá Tómi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí, pé òróró tí Màmá kán sínú ẹ́ńjìnnì ló yọ wá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní a ti da nǹkan àjèjì sínú ẹ́ńjìnnì, wáráńtì ti parẹ́. Wọ́n kàn tan ẹ́ńjìnnì náà padà, wọn ò tún nǹkan kan ṣe, wọ́n ní ká máa gbé e lọ.

Bàbá, irú ọkọ̀ yìí gan-an ni Alhaji tó kọjú sí ilé wa ń wà. Ẹnikẹ́ni ò kán nǹkan kan sí tiẹ̀, ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ náà kú láàárín títì. Ṣé òróró ló ṣe ìyẹn náà? Ta ni wọ́n fẹ́ kó kú kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kò dára? Màmá ti gbà pé òun lòun ba ọkọ̀ wa jẹ́, ẹkún ló ń sun lójoojúmọ́.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá Tómi fi kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n forí lé ọ̀dọ̀ Màmá l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, kí ó lè fojú rí i pé ọkọ̀ náà ṣì ń rìn. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó yẹ kí wọ́n ti dé tipẹ́. Màmá ò tíì rí wọn. Fóònù Bàbá Tómi ń dún, kò gbé e. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Mo mọ bí ó ṣe wù yín tó láti gbé ọmọ ọmọ yín. Ẹ dákun, bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lónìí, ẹ má kí wọn káàbọ̀. Ẹ lé wọn padà sílé.

Èmi ọmọbìnrin yín, tó fẹ́ràn yín, tí kò fẹ́ kí ẹ gbàlejò.