Ọdún Mẹ́fà Tí Mo Fi Àtàǹpàkò Gé Kúrò Lára Ọmọ Yín

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìrí wa. Láti Tòróńtò níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ ilé, mo kí àwọn àgbà tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn ayọ̀ tó wọlé. Àbúrò ìyàwó Káyọ̀dé ọmọ mi, èyí tó ń gbé ní Pickering, ti bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì, ẹnu wọn ò dákẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó tì mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ́kọ, ọmọ Ìjẹ̀bú ló fẹ́. Yìnyín bọ́ débi pé bàtà bùtí ni ìyàwó wọ̀ sábẹ́ aṣọ funfun rẹ̀. A sì gbọ́ pé ọmọ Folákẹ́, àbúrò Káyọ̀dé, ti bí obìnrin lọ́dọ̀ yín. Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Èmi tí ẹ fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé lọ́jọ́sí ti di ìyá ìyá àgbà.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ẹni tó bá ń kà á fún yín, kó rọra kà á, kó má fo ọ̀rọ̀ kankan. Ní kíláàsì àwọn àgbà, nínú ilé ìkàwé kan ní North York, ni mo ti mọ̀wé. Ọdún kejì mi níbẹ̀ rèé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn kan máa ń dúró ti àwa Yorùbá lẹ́yìn kíláàsì, ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ èdè wa. Wọ́n fẹ́ tẹ lẹ́tà wa sínú ìwé kékeré kan tí gbogbo àdúgbò yóò kà. Ìdí nìyí tí mo fi yí orúkọ àwọn ọmọ wa padà. Káyọ̀dé kọ́ ló ń jẹ́. Ẹ̀yin mọ ẹni tí mò ń sọ.

Àjà kejìlá ni a ń gbé. Láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, bí kì í bá ṣe kíláàsì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò jáde. Fèrèsé ilé ò ṣeé ṣí kọjá ìbú àtẹ́lẹwọ́. Bí ọmọ Káyọ̀dé bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń bá a sọ Yorùbá, á fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, kálukú a gbọ́ ìwọ̀n tó bá gbọ́, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé èmi nìkan ni mo wà ní àhámọ́ nínú ilé yìí, àfi ọjọ́ tí mo ka ìwé kan.

Olùkọ́ ló ní kí kálukú mú ìwé tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wá, èyí tí kò lè kà tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan mú ìwé ìgbéyàwó, ẹnì kan mú rìsíìtì ilẹ̀. Èmi mú ẹ̀dà ìwé ìbúra kóòtù tí mo tẹ àtàǹpàkò sí nígbà tí Káyọ̀dé fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba. Inú Bíbélì mi ló ti wà láti ọdún yẹn, mo sì máa ń fi yangàn pé ìka mi ló rán ọmọ mi lọ sókè òkun.

Ẹ ó rántí kóòṣì rẹ̀, ọkùnrin onífìlà pupa yẹn. Ó wá bá mi nílé, ó ní gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló ní ọjọ́ orí méjì, ọ̀kan ti ìyá rẹ̀, ọ̀kan ti bọ́ọ̀lù. Ó ní ọdún méjì péré ni a ó yọ, pé kò ju kí èèyàn gé irun lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbà. Ọdún méjì ni mo gbà.

Mo dìde nínú kíláàsì, mo ń kà á sókè. Nígbà tí mo dé ibi ọdún tí wọ́n ní mo bí i, mo padà sẹ́yìn, mo tún un kà. Olùkọ́ rò pé nọ́ńbà náà ló le, ó bá mi kà á, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó, mo ń fi ìka ṣírò lábẹ́ tábìlì. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n yọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà tèmi ni pé mo ti búra ní kóòtù pé ọdún méjì lẹ́yìn tí a sin àbúrò yín ni mo bí Káyọ̀dé. Káyọ̀dé tí ẹ gbé lọ́wọ́ dé etí ibojì, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó da yẹ̀pẹ̀ sára bàbá rẹ̀. Ìwé ní kì í ṣe ọmọ ọkọ mi. Ìwé tún ní Folákẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, bí mo ṣe ń fi òrí ra orúnkún Káyọ̀dé, mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ tí òun gba páspọ́ọ̀tù ni òun ti rí i, òun ò kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n fi àìmọ̀wé mi rẹ́ mi jẹ. Mo ní ṣé wọn ò wá rẹ́ mi jẹ ni? Ó ní àwa méjèèjì ni wọ́n jọ rẹ́ jẹ, kí n má dá a gbé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a; ọjọ́ yẹn ni Káyọ̀dé ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bí bọ́ọ̀lù náà ṣe rí gan-an fún mi.

Ẹgbẹ́ ńlá tó pè é lọ kò gbà á. Dókítà wọn ya àwòrán eegun rẹ̀, ó wo àwòrán, ó wo ìwé, ó bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ni wọ́n bí i. Kò jágbe, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Káyọ̀dé ní ká ní ọdún méjì ni, bóyá eegun ì bá bo òun láṣìírí. Ló bá bọ́ sí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí líìgì wọn kì í dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba, kó tó kọjá sí Kánádà. Bíríkì ló ń rù láàárín ọ̀sẹ̀. Ní Sátidé, á gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, tó jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù bá fo ògiri, awakọ̀ ló máa jù ú padà. Ìyá arúgbó kan ń po tíì fún wọn bí eré bá dé ìdajì, á sì máa bú wọn bí wọ́n bá ń fìdí rẹmi. Ó ní nígbà mìíràn ajá máa ń pọ̀ ju òǹwòran lọ.

Bàbá Àgbà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí orúnkún rẹ̀ ń dún bó bá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n wo ló ń rìn bí ẹni tó ń wá ọ̀pá kiri. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, kò sì rí ẹnì kan ṣoṣo sọ ọ́ fún.

Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní rárá, pé bí wọ́n bá tẹ́ pápá yẹn sílẹ̀ lónìí tòun ti ẹrẹ̀ rẹ̀, òun á tún wọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, mo rí ọmọ tó ń gbá ọsàn àìpọ́n kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà ó wo aago, ó de orúnkún rẹ̀, ó lọ sí ṣífíìtì nílé ìkẹ́rùsí tó wà ní Vaughan.

Ẹni àádọ́ta ọdún ni. Níbi iṣẹ́, mẹ́rìnlélógójì ni. Ọdún márùndínláàádọ́rin ló ń dúró dè kó tó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa gba owó àgbàlagbà níhìn-ín. Nígbà tí ìwé rẹ̀ bá fi pé iye yẹn, òun fúnra rẹ̀ á ti di mọ́kànléláàádọ́rin. Orúnkún yẹn ò lè bá a débẹ̀. Mo ní kí a lọ bá lọ́yà, kí n tún ìbúra ṣe, kí ojú tì mí tán. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní Màmá, àwọn ti bi lọ́yà, kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní ìwé yẹn ni wọ́n fi gba físà, òun ni wọ́n fi di ọmọ onílùú, òun náà ló mú ẹ̀yin wọlé, bí a bá yọ òpó yẹn, orí gbogbo wa ni ilé máa wó lé. Káyọ̀dé na ife rẹ̀ sí mi. Ó ní kí n bá òun bu omi.

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka tèmi ló ṣẹ̀, orúnkún ọmọ mi ni wọ́n ń gé. Mo ti yí ọ̀rọ̀ náà po títí, mi ò rí ọ̀nà àbájáde níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìwé ò dé. Ibojì ọkọ mi tó wà lẹ́yìnkùlé yín, orúkọ rẹ̀ nìkan ni a kọ sí i. Ẹ bá mi pe bíríkìlà. Kó fi sìmẹ́ǹtì tuntun bò ó, kó kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí i. Káyọ̀dé ni kó ṣíwájú, orúkọ rẹ̀ gan-an, àti ọdún tí mo bí i gan-an, èyí tí ẹ̀yin mọ̀, nítorí ọwọ́ yín ló bọ́ sí. Kí Folákẹ́ tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé a kì í kọ ọdún ọmọ sórí ibojì bàbá. Bí àwọn ará ilé bá béèrè, ẹ ní ìyàwó yín ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá parí, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Káyọ̀dé. Ẹ má ṣàlàyé kankan. Á kà á.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, àti lọ́wọ́ ẹni tó sùn síbẹ̀.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, látorí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn dórí ẹni tó ń rá, kí ẹ sì bá mi gbé ọmọ tuntun jó.

Èmi ni ìyàwó yín, tí ẹ tọ́ títí ó fi di ọmọ yín,
Ìyá Káyọ̀dé.

Owó tí mo fi ránṣẹ́, fún sìmẹ́ǹtì, iyanrìn, ọ̀dà dúdú àti iṣẹ́ ọwọ́ bíríkìlà: igba dọ́là.