Wọkitọkì Ọkọ Mi àti Máńgòrò Kíkan

Multan

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún ìyá ọkọ mi ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ọkọ mi ra àwọn àlòkù wọkitọkì, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àfọwọ́mú. Tẹ́lẹ̀, òpó ńlá kan ló ń pín ọ̀rọ̀ fún kálukú. Ó tún wọn ṣe kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ láìsí òpó. Ó tà wọ́n fáwọn awakọ̀, ó fi ọ̀kan sílé fún mi. Kò sọ pé gbogbo wọn ló ń gbọ́!

Ẹ mọ̀ pé n kì í pe orúkọ ọkọ. Mo rọra sọ sínú wọkitọkì pé, "Olówó orí mi, máńgòrò kíkan ń wù mí jẹ."

Awakọ̀ kan dáhùn, "Ìyàwó, èwo nínú wa?"

Òmíràn ní, "Ẹ kú oríire o!"

Ọkọ mi pariwo, "Ẹ̀yin wèrè, èmi ni!"

Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún pé mo ti lóyún, àwọn awakọ̀ ló gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gbàdúrà fún mi. Ẹ fi aṣọ ọmọ ránṣẹ́, kí Ọlọ́run pa yín mọ́. Ẹ má fi máńgòrò ránṣẹ́ o. Àwọn awakọ̀ ti kó o dí wa lẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò yín,
Nasreen