Ìyẹ̀fun Aláwọ̀ Ewé Tí Ẹ Fi Ra Ẹsẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ǹ bá béèrè bóyá àlàáfíà lẹ wà, ṣùgbọ́n ìyàwó yín ti pè mí, mo sì ti mọ̀ pé ẹ ò wà ní àlàáfíà. Èmi náà ò sì sí nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ fà á.

Ta ló ní kí ẹ bu ìyẹ̀fun bàbà tí mo ń fi ṣe ìwádìí? Mo mú ìgò rẹ̀ wá sílé yín kí ẹ lè rí àwọ̀ rẹ̀ ni, torí ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń fi iṣẹ́ wáyà iná jẹun, kò sẹ́ni tó mọ bàbà tó yín. Mo lọ fọwọ́, mo dé, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mi ò fura. Àṣé ẹ ti da ìdajì rẹ̀ sínú bébà, ẹ sì ti ń fi ra egbò ẹsẹ̀ yín. Ìyàwó yín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi.

Wọ́n ní ẹ sọ pé, "Láti ìgbà tí mo ti ń fi eyín bó wáyà, ṣé bàbà pa mí?" Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Bàbà inú wáyà kọ́ nìyí. Mo se iyọ̀ bàbà pọ̀ mọ́ èròjà mìíràn ni, tí àwọn méjèèjì fi di nǹkan tuntun.

Lóòótọ́, ó ń pa kòkòrò àrùn. Bí mo bá pò ó mọ́ omi, tí mo kán an sórí àwo tí a ti ń tọ́ kòkòrò náà, gbogbo àyíká rẹ̀ á mọ́ kedere, kódà irú kòkòrò inú egbò yín tí apá oògùn ò ká. Ohun tí mo wá fi ayọ̀ sọ fún yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín, a kán an sórí awọ ara èèyàn tí à ń tọ́jú nínú ìgò. Ó pa ìyẹn náà pátápátá. Kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ọ̀gá mi ní yàrá ìwádìí ní kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ń sọ fún àdúgbò pé egbò ń gbẹ. Bí etí egbò bá ń dúdú, kì í ṣe pé ó ń jinná, ẹran ibẹ̀ ló ń kú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lónìí, kí ẹ mú ìyókù dání kí dókítà rí i.

Kí ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí? Ẹsẹ̀ yẹn ni. Òun lẹ fi ń gun òpó iná kí n lè kàwé. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọn ó tìtorí ẹ̀ gé e.

Ọlọ́run á wò yín sàn, á sì fi etí ìgbọràn kún un fún yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ tọ́, tí inú ń bí.

Mo tún rántí: ìyàwó yín ti gbé àkàbà iṣẹ́ yín pamọ́, èmi ni mo rán an. Kò ní gbé e jáde títí ẹ ó fi mú káàdì ilé ìwòsàn dé.