Inú Tí Kò Jẹ́ Kí N Gbé Ọmọ

Mesquite,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Túnbọ̀sún, Àlàmú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Allen níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn ò pa ọ́ lára? Ẹni tó mú ọ dé ilẹ̀ yìí kò ní í sọ ọ́ nù síbẹ̀, wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ojú ò ní í tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́. Bí o bá bi mí léèrè àlàáfíà, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. N ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù kí ẹ̀gbọ́n rẹ Fúnlọ́lá má baà gbọ́, nítorí ilé yìí ò ní kọ̀rọ̀, fìríìjì wọn gan-an máa ń dáhùn tí wọ́n bá pè é.

Inú ló ń ṣe mí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé Ọ̀rẹ́olúwa ọmọ Fúnlọ́lá dé láti ọsibítù ló bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ kẹrìndínlógún lónìí, inú ń kùn, inú ń wú, mo sì ń sáré lọ sílé ìgbẹ́ ṣáá. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí o béèrè pé kí ló dé tí n ò gba ọmọ, tí mo ní apá ń dùn mí, irọ́ ni mo pa. Fúnlọ́lá, nọ́ọ̀sì tó jẹ́, ló ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ títí inú náà yóò fi dá, kí n má kó àìsàn ràn án. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà nílé, Reuben ọkọ rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, mo sì jókòó lọ́ọ̀ọ́kán mò ń wò wọ́n. Ó dùn mí wọra.

Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n fún mi ní ife kékeré kan tó ní ìdérí, mo ti fi bu omi mu kí Fúnlọ́lá tó ṣàlàyé pé ìgbẹ́ mi ni wọ́n fẹ́ níbẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí kòkòrò kankan. Dókítà béèrè gbogbo ohun tí mò ń jẹ, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, ìrẹsì, ẹ̀kọ, ẹyin, tíì. Ó ní kí n má mu mílíìkì mọ́. N ò mu ún mọ́, inú ò dá.

Ohun kan ṣoṣo tó ń tù mí nínú ni pákò mi. O mọ̀ pé n kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí n tó run pákò, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àtigbàdúrà lé ọmọ lórí. Èyí tí mo kó wá láti ilé tán ní bí ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbé ọmọ dé, búrọ́ọ̀ṣì sì ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́nu mi. Ni Arábìnrin Sẹ̀gilọlá ní ṣọ́ọ̀ṣì bá fún mi ní ṣingọ́ọ̀mù inú ike ńlá kan tó ní àwòrán eyín funfun, ó ní kò ní ṣúgà rárá, dókítà eyín fọwọ́ sí i. Mo ní pákò òyìnbó rèé. Agogo márùn-ún ìdájí ni mo ti ń sọ ọ́ sẹ́nu, tí adùn rẹ̀ bá lọ mo tún mú òmíràn, ó lè tó ogún kí ilẹ̀ tó ṣú. Fúnlọ́lá ò fẹ́ kí wọ́n máa tutọ́ sínú ilé, nítorí náà inú yàrá ni mo ti ń run ún, mo sì ń gbé omi rẹ̀ mì. N ò dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, oúnjẹ ló béèrè, ta ló ń ka pákò mọ́ oúnjẹ? Wọ́n kọ nǹkan wínníwínní sẹ́yìn ike náà, bóyá orúkọ ẹni tó ṣe é ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Sẹ̀gilọlá lọ sí àgọ́ àdúrà ní Floyd fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàgbé ike náà sílé, ọwọ́ ni mo fi bo ẹnu gbàdúrà. Àdúrà náà sì gbà, nítorí láti ọjọ́ kejì ni inú mi ti dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí a padà dé, mo jí, mo run pákò òyìnbó mi dáadáa nítorí ọmọ. Lọ́sàn-án, Fúnlọ́lá ti ń gbé e bọ̀ wá bá mi, mo ti na ẹsẹ̀ láti gbà á, ni inú mi bá ké. Ó gbé ọmọ yí padà. Mo wá gbà pé inú ilé yìí ni àìsàn náà wà, bóyá nínú omi ẹ̀rọ.

Fúnlọ́lá ti wá ní bí inú náà kò bá dá títí di Sátidé, òun á dá mi padà sílé lọ gba ìtọ́jú, nítorí n ò ní ìwé inṣọ́ránsì, owó dókítà ibí sì ti ń dá wọn lágara. Jọ̀wọ́ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí o sì fi ogójì dọ́là ránṣẹ́ kí n fi ra ike ṣingọ́ọ̀mù mẹ́rin sí i, èyí tó kù ò lè dé Sátidé, mo sì fẹ́ kí ẹnu mi mọ́ bí wọ́n bá yọ̀ǹda ọmọ fún mi. Má fi owó náà sínú fóònù, n ò mọ ihò tó ń gbà jáde níbẹ̀.

Olúwa á ṣí ọ̀nà fún ọ, ìwọ náà á gbé ọmọ tìrẹ jó, wọn ò ní í gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí mo bá dé ilé, àwọn obìnrin àdúgbò á bi mí pé ta ni ọmọ náà jọ, èyí mo lè dáhùn. Wọ́n á tún bi mí bó ṣe wúwo tó lẹ́yìn, n ò sì mọ ohun tí màá wí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.