Kọ̀rọ̀ Tí Màmá Ń Wí

Ṣọ́ọ̀bù Bọ́síkọ̀rọ̀,
Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì tún kú ìrọ́jú ti àbúrò wa. Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn kì í dà yín láàmú jù? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ara nìkan ló le.

Ẹ rántí pé mo ní mo fẹ́ tún ṣọ́ọ̀bù ṣe láìra ohun tuntun kankan. Mo ṣe é o! Àkàbà tí káfíńtà dà nù ni mo fi okùn so mọ́ àjà, òun ni mo ń fi kọ́ ẹ̀wù. Ilẹ̀kùn fìríìjì tó ti kú di tábìlì. Mo bó aṣọ kúrò lára àwọn agbòòrùn tó ti ya, mo so irin wọn rọ̀, ìbòrí sì ń mì dirodiro lára wọn. Bí mo ṣe mọ ẹnu yín, ẹ máa ní ilé aláǹtakùn ni mo kọ́. Ó wá ku igun tí oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò. Mo fẹ́ fi àjákù aṣọ rán ìkélé aláwọ̀ oríṣiríṣi síbẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá gbé báàgì kan fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e sí kọ̀rọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé kọ̀rọ̀ ni gbogbo ilé wa ń pe ṣọ́ọ̀bù mi nítorí bọ́síkọ̀rọ̀, aṣọ àlòkù tí mo ń tà, ẹ̀yin gan-an lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ yẹn. Mo bá gbé e wá síbí. Mo ṣe aṣọ inú rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe gbogbo aṣọ tó bá wọlé: omi gbígbóná, ọṣẹ, oòrùn. Lẹ́yìn náà ni mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé wọn, mo sì fi wọ́n rán ìkélé.

Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ Àbíkẹ́yìn wa ni! Aṣọ tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kó ránṣẹ́ sí Màmá lẹ́yìn tó kú. Mi ò rí i kó wọ̀ ọ́ rí, báwo ni ǹ bá ṣe mọ̀?

Màmá wá wo ṣọ́ọ̀bù lánàá. Wọ́n yin àkàbà, wọ́n fi fìríìjì mi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wá dé ìdí ìkélé. Wọ́n di bọ́tìnnì kan mú, èyí tí àwọn fúnra wọn fi òwú pupa rán fún un nígbà tó wálé gbẹ̀yìn.

“Kọ̀rọ̀ yàrá mi ni mo wí,” ni wọ́n sọ. “Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi.”

Wọ́n ní ńṣe ni àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láìfọ̀, torí òórùn ọmọ àwọn ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n fi imú kàn án. Ọṣẹ ni wọ́n gbọ́. Ni wọ́n bá wọ ẹ̀yìn ìkélé, wọ́n fà á dé. Oníbàárà kan fẹ́ wọ síkẹ́ẹ̀tì wò, ó sì ní ìkélé yẹn dára o, kí n bá òun rán irú rẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù, ènìyàn wà nínú ibẹ̀.

Màmá kò bá mi jà. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi jà.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, kí ẹ sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Àbíkẹ́yìn gbé ọ̀dọ̀ yín kí ó tó ríṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ tú inú àpótí. Bí ẹ bá rí ẹ̀wù rẹ̀ kan, kódà kó jẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya, ẹ fi ránṣẹ́ sí Màmá.

Ẹ má fọ̀ ọ́ o.

Èmi àbúrò yín tó ń retí,
Oníkọ̀rọ̀.