Lẹ́yìn Tí A Rìn Yí Adágún Ipala Ká

Eulalia àna mi, ìyàwó mi kékeré,

Ara Herminia, ẹ̀gbọ́n rẹ tí mo fẹ́, dá ṣáṣá. Ó jẹ tàmáàlì tèmi mọ́ tirẹ̀ lánàá.

Àràárọ̀ la máa ń rìn yí adágún orí òkè ayọnáyèéfín ká. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú. Iná inú òkè yìí ti kú tipẹ́, kò dà bíi tèmi. Nígbà tí a yí i ká tán lánàá, Herminia fa ọwọ́ rẹ̀ yọ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ máa lọ, ọkọ mi ń bọ̀ wá mú mi."

Mo ní, "Ṣé ó dára jù mí lọ?"

"Ó dára jù yín lọ dáadáa. Òun kì í ṣe arúgbó."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo jókòó tì í, a jọ ń retí ọkùnrin náà.

Bá mi kí gbogbo ilé. Herminia ní kí n kí ọ, lẹ́yìn tí mo ti ṣàlàyé ẹni tí o jẹ́ fún un.

Nicanor